Ìjàpá Ka Ìwé Méjì

Àlọ́ o!
Àlọ̀ọ́!

Àlọ́ mi dá lórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, àti Ọ̀bọ, akọ̀wé ààfin.

Kìnnìún ọba fẹ́ kí ìlú gbogbo mọ̀ pé òun ń tọ́jú aláìsàn. Lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan, Ọ̀bọ á lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin: adúgbò, àìsàn, iye ẹni tó ń ṣe. Kò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. "A ti yọ orúkọ kúrò," ni yóò wí, á sì máa gbọn ìrù bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Lọ́jà kìíní, ìwé Ẹ̀bá Odò ka mẹ́rin: ibà kan, ikọ́ kan, kúrúnà méjì. Lọ́jà kejì, ó di márùn-ún: ibà kan, ikọ́ kan, kúrúnà méjì, àtọ̀sí kan. Nínú ẹni márùn-ún, ta ni yóò mọ alátọ̀sí? Ìjàpá ni. Ó ti da ìwé kìíní kọ sílé. Ó sì ti rí Ẹkùn lóru tó daṣọ borí wọ ilé Òwìwí oníṣègùn. Kò sí ará Ẹ̀bá Odò mìíràn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Ó yọ mẹ́rin kúrò nínú márùn-ún, ó lọ dúró sí fèrèsé Ẹkùn:

Ìwé àná dà?
*Gbé e ti tòní o.*
Mẹ́rin ni wọ́n lánàá,
*Gbé e ti tòní o.*
Ẹni karùn-ún mà dé,
*Gbé e ti tòní o.*

Kí orin má baà dé etí ìlú, Ẹkùn yọ ogún iṣu lábà fún Ìjàpá.

Òwìwí gbọ́, ó tọ Ọ̀bọ lọ. "Kí o tó kọ iye, da owó ẹyọ. Bó bá ṣíjú, fi kan kún un. Bó bá dojú dé, yọ kan. Má sì lẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ ọjà gbogbo, torí ẹni tó bá ń kà á léraléra yóò rídìí ẹ̀." (Amẹ́ríkà da irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ sórí iye ìkànìyàn wọn ti 2020, àpapọ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọn ò fọwọ́ kàn.)

"Kí n purọ́ fún ọba?" ni Ọ̀bọ dáhùn. "Wo ìwé tòní. Ṣé o rí orúkọ níbẹ̀?" Nígbà tí ariwo Òwìwí pọ̀, ó ya àwọn ìwé àtijọ́. Tọwọ́ Ìjàpá ńkọ́?

Ibi tí Ìjàpá ti wá kó àtọ̀sí tirẹ̀, kò kan àlọ́ yìí. Ìwé Ẹ̀bá Odò lọ́jà kẹta ka mẹ́fà, àtọ̀sí méjì. Ìjàpá di iṣu mẹ́wàá fún Ọ̀bọ pé kó pa ìlà òun rẹ́. Lọ́jà kẹrin, iye padà sí márùn-ún, àtọ̀sí kan. Ọkàn Ìjàpá balẹ̀.

Àmọ́ Ẹkùn náà ti kọ́ ìwé kíkà. Ẹnikẹ́ni ò kú, ara ẹnikẹ́ni ò yá. Ta ló wá fò lọ? Bó ṣe ń gba ẹ̀yìnkùlé Ọ̀bọ kọjá, ó rí iṣu tó ní àpá èékánná òun fúnra rẹ̀ lára. Ó gbé ìlù, ó kó ìlú lẹ́yìn, ó di ẹnu ọ̀nà Ìjàpá:

Mẹ́fà ni wọ́n lánàá,
*Gbé e ti tòní o.*
Ẹnì kan mà yọ́ lọ,
*Gbé e ti tòní o.*
Ta ló wá fiṣu bẹ̀bẹ̀?
*Gbé e ti tòní o.*

Yánníbo ń ro ọkà lọ́wọ́. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi orógùn sílẹ̀.