Àjò Dùn, Onílé Ò Gbọdọ̀ Relé

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Kí wọ́n má bínú, a ti bá wọn tún òwe náà ṣe. Àjò òde òní ní òfin tó ń ka ọjọ́ tí onílé fi relé. Bí ọjọ́ náà bá fi lé, àjò bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé àwàdà ni, kó tẹ̀ lé mi lọ sí Gangare.

Àdúgbò wa ni Gangare, ní ìlú Jos. Èdè Haúsá ni orúkọ rẹ̀, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló túmọ̀ sí. Bí òjò bá rọ̀ níbẹ̀, omi kì í dúró kí ẹnikẹ́ni. Láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ọ̀dọ́ wa náà ti di omi òjò: wọ́n ń ṣàn lọ sí Abuja, láti Abuja wọ́n á ṣàn dé Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Jápa ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ọmọ Haúsá ń jápa, ọmọ Berom ń jápa, ọmọ Íbò ń jápa. Nínú gbogbo ohun tí Yorùbá gbé wá sí Jos, ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni ẹnì kankan ò pè ní àlejò.

Ẹ jẹ́ ká pe ọ̀kan nínú wọn ní Lágbájá, torí òun nìkan kọ́. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá bàbá rẹ̀ ti wá, láyé ìgbà tí òyìnbó ń wa tíìnì lórí òkè Jos. Tíìnì yìí ló mú kí ojú irin kékeré láti Zaria dé Bukuru ní ọdún 1914, àwọn oníṣòwò wa sì bá ẹrù wọlé. Lágbájá fúnra rẹ̀, olùkọ́ ìṣirò ni. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejì ọdún 2022, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí yóò máa bá wọn tọ́jú arúgbó, ni ìfẹ́ arúgbó bá gun Lágbájá lójijì. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìwáṣẹ́ rẹ̀ pé láti kékeré ni ìtọ́jú àgbàlagbà ti ń jẹ òun lọ́kàn. Lọ́jọ́ tó ń kọ ọ́ lọ́wọ́, ìyá ìyá rẹ̀ wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ọjọ́ kẹta rèé tí màmá ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ra Robb bọ̀, kóun fi pa orúnkún.

Ìwé ìrìnnà jáde. Àwọn tó ń fúnni ní físà ní kó lọ ya àwòrán àyà, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò ní ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ó di Abuja. Wọ́n ní kó fi owó kan hàn, owó náà sì gbọ́dọ̀ sun ọjọ́ 28 gbáko nínú àkáǹtì, kó má yẹ̀. Lágbájá kò ní in. Ó lọ yá a lọ́wọ́ àwọn tó ń fi irú rẹ̀ ṣòwò. Owó ẹlówó dé, ó sùn, ó jí, ó pé ọjọ́ 28, ó sì padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀ pẹ̀lú èlé. Ẹ wò ó dáadáa: nínú gbogbo ìtàn yìí, owó yẹn nìkan ló pa òwe mọ́. Àjò dùn mọ́ ọn, ó sì relé.

Lágbájá ṣe oríire, ó kọjá. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ilẹ̀kùn há mọ́ lára. Ní oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n ní kí olùtọ́jú arúgbó tó bá ń bọ̀ wá fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ níbi tó ti ń bọ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2025, wọ́n ní ẹni tó wà lókèèrè pàápàá kó jókòó síbẹ̀. Arúgbó wọn kò tán o. Sùúrù wọn ló tán.

Ọmọ ìyá Lágbájá tó gba ọ̀nà iṣẹ́ mìíràn lọ ní tirẹ̀ san owó ìwòsàn sílẹ̀ kó tó ṣàìsàn. Láti oṣù Kejì ọdún 2024 ni owó yìí ti di £1,035 lórí àgbàlagbà kan fún ọdún kan. Físà ọdún márùn-ún ló gbà, ó sì san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, £5,175. Ẹ fi náírà ṣírò rẹ̀ fúnra yín, èmi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọkùnrin yìí kan náà ni wọ́n ní kó dá ẹgbẹ̀rún díẹ̀ sí ètò ìlera níbí, tó ní Ọlọ́run ni dókítà òun.

Ibi tí gbogbo wọn ń lé ni ìwé ìgbélùú gbére. Nígbà tí Lágbájá ń lọ, lẹ́yìn ọdún márùn-ún ni òfin ní wọ́n lè béèrè rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó fọ́ọ̀mù rẹ̀ gòkè dé £3,029. Kí wọ́n tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù, ìdánwò wà: ìbéèrè 24 láàárín ìṣẹ́jú 45, ẹni tí kò bá gba 18 ti fìdí rẹmi. Lágbájá ti ń kàwé. Ó mọ ìyàwó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí Ọba Henry Kẹjọ fẹ́, ó mọ èyí tó bẹ́ lórí àti èyí tó kọ̀ sílẹ̀. Bi í ní oríkì orílẹ̀ rẹ̀, á ní kí o jẹ́ kóun bi Google.

Òfin tí mo ní ó tún òwe ṣe wá dé wàyí. Nínú ọdún márùn-ún náà, kò gbọdọ̀ sí oṣù méjìlá kan tí Lágbájá yóò lò ju 180 ọjọ́ lọ lẹ́yìn odi ìlú wọn, àfi tó bá ní àwíjàre tí wọ́n gbà. Ká ní bàbá rẹ̀ kú, kó wá sìnkú, kó pín ogún, kó kọ́ ilé dé òrùlé, kó sì gbàgbé ara rẹ̀ sí Gangare fún oṣù méje, òǹkà fọ́ nìyẹn. Wọn kò ní kó má relé rárá. Wọ́n kàn ní ilé kò gbọdọ̀ dùn mọ́ ọn jù.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba wọn tún gbé àbá jáde pé kí ọdún márùn-ún di mẹ́wàá. Inú bí Lágbájá. Ó kọ ọ́ sí WhatsApp mọ̀lẹ́bí: “Ọdún mẹ́wàá kẹ̀? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún wọn, tó ń san owó orí, tí ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ìwé wọn, ìgbà wo ló fẹ́ yéé jẹ́ àlejò?” Gbogbo ẹbí kẹ́dùn. Àbúrò bàbá rẹ̀ tó wà ní Gangare nìkan ló dá a lóhùn: “Ọmọ mi, ìbéèrè yẹn gan-an ni mò ń bi wọ́n níbí láti ọdún 1958 tí wọ́n ti bí mi.”

Àgbà yìí mọ ohun tó ń wí. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni ní ìwé ọmọ onílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹni tí kò bá ní in ń rí ìyà rẹ̀ tó bá ń wá iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀, tó bá ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tó bá ń san owó ilé ìwé gíga. Ní ọdún 2006, àjọ Human Rights Watch kọ odidi ìwé kan lórí ọ̀rọ̀ yìí, Ìpínlẹ̀ Plateau tiwa sì wà nínú ibi tí wọ́n yẹ̀ wò. Ìbéèrè pé ta ló ni ìlú wà nínú ohun tó dáná sun Jos ní ọdún 2001, tó tún dáná sun ún ní 2008. Nọ́ńbà ọkọ̀ ìpínlẹ̀ náà sì ń pe ara rẹ̀ ní Ilé Àlàáfíà àti Ìrìn-àjò Afẹ́. Ìrìn-àjò ni kí o wá ṣe, wọn ò ní kí o wá jókòó.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó pani lẹ́rìn-ín. Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, ní ẹsẹ 27, ní àjèjì tó bá ti gbé Nàìjíríà fún ọdún 15, tó sì kún ojú ìwọ̀n, lè di ọmọ orílẹ̀-èdè. Ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù yóò gbé ọdún 15, yóò di ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ọgọ́rùn-ún ọdún ní Jos, kò tíì di ọmọ Jos. Ẹsẹ 15 òfin kan náà ní kí ìjọba fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ ìgbélùú kíkún níbi gbogbo. Ó dára púpọ̀. Àmọ́ orí kejì ni wọ́n kọ ọ́ sí, ẹsẹ 6 sì ti ní kí ẹnikẹ́ni má torí orí kejì lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n fún wa ní oúnjẹ, wọ́n sì dé igbá rẹ̀ pa.

Ànàmọ́ òyìnbó tí gbogbo Jos ń pè ní “Irish” nìkan ni mo rí tó yege. Òyìnbó ló gbé e wá, orúkọ ìlú ẹlòmíràn ló ń jẹ́ títí dòní, kò sì sí alága kankan tó béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí Lágbájá fẹ́ wọ yunifásítì, Ògbómọ̀ṣọ́ ló ní láti lọ gbàwé. Wọ́n béèrè orúkọ agboolé rẹ̀, ó fi Yorùbá tí Haúsá ti sọ di tirẹ̀ dáhùn, ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín: “Ará Òkè Ọya dé!” Ní Jos, àlejò láti Ìwọ̀-Oòrùn ni. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ará Òkè Ọya ni. Onílé tí òwe ń pè, kó jẹ́ lóhùn ibo?

Àwọn bàbá wa ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia ní Gánà ní kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò láàárín ọjọ́ 14. Àwọn oníṣòwò wa ní Kumasi àti Tamale, tí wọ́n ti bímọ bí ọmọ-ọmọ síbẹ̀, di ẹrù. Onílé relé, òwe kọ́ ló sì lé wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, àwa náà ní kí ará Gánà máa lọ. Báàgì tí Lágbájá kó gàárì àti ẹ̀gúsí sí lọ Leeds, orúkọ ìlélọ yẹn ló ń jẹ́: Ghana Must Go.

Kí Yorùbá tó ń ka èyí má sọ pé ará Jos ni kò ṣeun. Bi ọmọ Íbò tí wọ́n bí sí Mushin bí ojú tí wọ́n fi wò ó ṣe rí nígbà ìdìbò gómìnà Èkó ní 2023. Lágbájá fúnra rẹ̀ ńkọ́? Nígbà tó ku díẹ̀ kó lọ, ọkùnrin Tiv kan ní àdúgbò wa fẹ́ ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé. Lágbájá ló dìde, ó ní: “Ìgbà wo lo dé?” Ọkùnrin náà ní ọdún mọ́kànlá. Lágbájá ní ọdún mọ́kànlá kéré.

Òwe kò ṣẹ̀, àwa la ṣẹ̀ ẹ́. Àwọn àgbà ò ní àjò kì í dùn kí èèyàn má padà. Onílé ni wọ́n dárúkọ. Ẹni tí ìlú rẹ̀ kọ̀ láti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, onílé kọ́ nìyẹn, èrò ọkọ̀ ni. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, ní Jos, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Èkó, iṣẹ́ yín rèé: ẹni tó bá ti gbé ìlú yín fún ọdún márùn-ún, tó ń san owó orí, ẹ kọ orúkọ rẹ̀. Ọdún márùn-ún tí a ní ó tó fún wa ní Leeds, ẹ jẹ́ kó tó fún ẹlòmíràn ní Gangare.

Ìyá ìyá Lágbájá ṣì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, kó jọ̀ọ́ bá wọn ra Robb lọ́wọ́.