Táyé Lọ Sọ́jà

Ẹ jẹ́ n jókòó dáadáa ná. Ọ̀rọ̀ ọmọ Ìyá Eléèlùbọ́ ni mo fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n mi ò lè gbà á tààrà, nítorí agboolé wa kò ní ọ̀nà tààrà kan. Bí èèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa ní Igbó-Ọrà tó ké "Ìyá Ìbejì!", orí mẹ́fà ni yóò yọ lójú fèrèsé, ìkeje á máa jẹ́ "hòo" láti balùwẹ̀. Èmi náà wà nínú wọn tẹ́lẹ̀, kí n tó bí Ìdòwú tí gbogbo ayé wá ń fi orúkọ rẹ̀ pè mí. Torí náà, bí wọ́n bá sọ fún yín pé alátojúbọ̀ ni mí, ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹni tó ń gbé láàárín èèyàn tí orúkọ wọn jọra gbọ́dọ̀ mọ ta ni ta ni, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn á gbé èsúsú ọ̀kan fún èkejì. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Mi ò ní í sọ ẹni tó ná an.

Nígbà tí ọmọ Ìyá Eléèlùbọ́ wọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, a bi ìyá rẹ̀ pé kí lọmọ lọ kọ́. Ó ní Demography and Social Statistics. Ó pè é dé ìdajì, ahọ́n rẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọjọ́ yẹn la ti gé e kúrú sí "Jọ́gíráfì". Ìgbà tọ́mọ wálé fún ìsinmi ló ṣẹ̀ṣẹ̀ là á fún wa: ẹ̀kọ́ nípa bí èèyàn ṣe ń bímọ, bí wọ́n ṣe ń kú, bí wọ́n ṣe ń ṣí kiri, àti bí a ṣe ń kà wọ́n ni. Mo wò ó títí. Mo ní, "Ta ló bí, ta ló kú, ta ló kó kúrò nílé ọkọ? Wọ́n ń gbowó ilé-ẹ̀kọ́ lórí èyí?" Ogún ọdún ni mo ti ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lórí àpótí ìdáná mi.

Lọ́dún kẹta, ó ní òun ti fi ìmọ̀ dátà kún un. Èyí ló wá dá ìjà sílẹ̀. Àbúrò bàbá rẹ̀ ní òun kò ní í san kọ́bọ̀ mọ́, pé ọmọ tó ń ta dátà MTN ní oríta kò wọ yunifásítì kankan, tábìlì àti agbòjò péré ló rà. Wọ́n ṣàlàyé fún un pé dátà tibí yìí yàtọ̀, àkọsílẹ̀ ni, pé àkọsílẹ̀ ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn ni wọ́n ń kó jọ tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà wá ohun tó pamọ́ sínú rẹ̀. Ó rọra ń rọ̀. Lọ́mọ bá tún ṣèèṣì sọ pé òun ń kọ́ Python. Ọmọ kékeré kan tó wà ní JSS ló túmọ̀ rẹ̀ fún ilé: òjòlá ni! Ìyá Eléèlùbọ́ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ má rò pé àjèjì ni kíka èèyàn sí wa o. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti gbé ètò ìlera wọn wá sí Ìbàràpá, táwọn akẹ́kọ̀ọ́ dókítà ń wá gbé láàárín wa, tí wọ́n ń wọ ojúlé dé ojúlé. Ní Ìdèrè níbẹ̀ yẹn, sobìà ni wọ́n ń bá kiri. Ẹni tí kò rí sobìà rí kò mọ̀: aràn gígùn funfun tí í yọ lẹ́sẹ̀ èèyàn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí àgbẹ̀ á dùbúlẹ̀, tí iṣẹ́ oko á sì kọjá lórí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wá béèrè, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ṣe, ìgbà wo, omi wo ló ń mu. Àwọn àgbà kan sọ fún wọn pé ara ni sobìà ti wá, bí iṣan. Ó dáa tí wọ́n kọ èyí náà sílẹ̀, torí ẹni tó bá gbà pé iṣan ni, kí ló fẹ́ fi aṣọ asẹ́ omi ṣe? Àkọsílẹ̀ ẹsẹ̀ àti àkọsílẹ̀ ẹnu ni wọ́n jọ fi bá a jà. Ọdún 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé Nàìjíríà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn tiwa ní Igbó-Ọrà, ìbejì ni wọ́n ń kà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Nylander, oníṣègùn aboyún láti Ìbàdàn, ló kà á dáadáa ní àwọn ọdún 1960, tó rí i pé nínú ìgbẹ̀bí 1,000 níbí, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ti ìbejì, nígbà tí ti àwọn òyìnbó Yúróòpù kò ju nǹkan bí 11 tàbí 12 lọ. Nọ́ńbà yìí ni gbogbo wa há sórí. Ó wà lẹ́nu ọlọ́kadà, ó wà lẹ́nu àwọn tó ń ṣe àjọ̀dún ìbejì láti 2018. Ọmọ Ìyá Eléèlùbọ́ ló wá bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní, "Màmá, 45 yẹn, ìgbà tí ìyá kúnlẹ̀ ni wọ́n kà àbí ọmọ tó jáde?" Mo ní kí ni ìyàtọ̀. Ó ní bí ìyá 1,000 bá kúnlẹ̀ tí 45 bí ìbejì, ọmọ 1,045 ló dé, 90 nínú wọn sì ni Táyé àti Kẹ́hìndé. Àwọn ará Amẹ́ríkà ní tiwọn, orí ọmọ ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń rí bí ọgbọ̀n ó lé díẹ̀ nínú 1,000. Ẹni tó bá gbé 45 wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti wọn láìbi í léèrè á rò pé wọ́n ti ń bá wa bọ̀. Mo ní, "Kí wọ́n gbọ́ bí?" Inú mi dùn lọ́jọ́ náà débi pé mo fún un ní ẹran méjì.

Ẹran yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ àmàlà dé. Ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ bá bi níbí á ní àmàlà àti ọbẹ̀ ilasa ló ń fa ìbejì. Nylander alára wo ọ̀rọ̀ iṣu, ó sì wo ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ní kò tó kí a bi àwọn ìyá ìbejì ohun tí wọ́n jẹ, torí gbogbo wọn ni yóò ní ilasa. Àwọn tó jẹ ilasa títí tí wọ́n bí ọ̀kan ṣoṣo ńkọ́? Ta ló bi wọ́n? Mo fẹ́ dá a lóhùn, mo rántí àbúrò mi obìnrin. Kò sí ẹni tó jẹ ilasa tó o, ẹyọ ẹyọ lọ́mọ ẹ̀ ń bọ̀.

Ó tún sọ ti ìlú kan ní Bràsíìlì, Cândido Godói, tí ìbejì pọ̀ sí bíi tiwa. Òfófó ibẹ̀ dùn ju ti àmàlà lọ: wọ́n ní dókítà burúkú Hitler kan tó sá kúrò ní Jámánì ló dé bá wọn lójijì tó ń fún àwọn obìnrin ní oògùn. Àwọn onímọ̀ bá lọ tú ìwé ìrìbọmi ìjọ, wọ́n ka orúkọ ọdún dé ọdún, wọn kò rí ibi tí ìbejì ti ṣàdédé pọ̀ sí i nígbà tí wọ́n ní dókítà náà wà ní sàkáání wọn. Ìran àwọn tó tẹ ibẹ̀ dó ló gbé e wá. Ó dùn mí. Òfófó tó dára tó bẹ́ẹ̀, ìwé ìrìbọmi ló pa á.

Ó dára. Ìsinmi tó kọjá ni ọmọ wá ṣe iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ níbí, òun àti ọmọkùnrin kan láti Èkó tí ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn rán wá. Ọmọlúàbí ni ọmọkùnrin náà, ó ń dọ̀bálẹ̀ kó kan ilẹ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá rẹ̀ dà bí ẹ̀bà tí omi rẹ̀ kò hó. Wọ́n gbé fóònù ńlá pẹlẹbẹ dání, ìbéèrè wà nínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù yẹn le! Bí ẹ kò bá dáhùn èyí, kò ní í ṣí èkejì fún yín.

Wọn kò wọ gbogbo ilé. Ọmọ ní kò pọn dandan, ó sì ní ìyá òun ló kọ́kọ́ kọ́ òun. Òótọ́ ni. Ẹni tó mọ èlùbọ́ rà kì í wo ojú àpò, ibẹ̀ ni alájàpá ń kó èyí tó dára sí. Ìyá Eléèlùbọ́ á ká apá aṣọ sókè, á ki ọwọ́ bọ àárín, á tún kì í bọ ìdí, á bu ẹ̀kúnwọ́ níbi tí ọwọ́ bá bà, á fọ́ ọ, á tọ́ ọ lá. Àpò mẹ́ta nínú ogún, ó ti mọ ohun tí mọ́tò náà gbé. Ọmọ ní ohun tí wọ́n fi odindi sáà kan kọ́ àwọn nìyẹn. Àmọ́ èlùbọ́ kì í bínú. Ilé olóṣèlú kan tí wọ́n fò, ó ránṣẹ́ pè wọ́n: kí ló dé tí wọ́n wọ ilé ajá tí wọn kò wọ tòun? Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló yan ilé tí àwọn wọ̀. Ó ní ta ló rán kọ̀ǹpútà náà, ẹgbẹ́ wo ló wà?

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí náà ńkọ́? Bàbá Àgbà wa ti ń pé ọgọ́rùn-ún láti bí ọdún mẹ́fà. Ọmọ rọra jókòó tì wọ́n. "Bàbá, nígbà tí wọ́n ní kí mọ́tò máa gba apá ọ̀tún, kí lẹ ń ṣe lọ́wọ́?" Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọdún yẹn gan-an ni ìyá àwọn ń bá àwọn tọrọ ìyàwó àkọ́fẹ́. 1972 lèyí. Ọmọ ṣírò lábẹ́nu, ó tẹ 78. Bàbá ní kí ló tẹ̀. Ó sọ. Wọn kò bá a sọ̀rọ̀ títí ó fi padà sí Ifẹ̀, wọ́n ní ọmọ tí àwọn gbé pọ̀n jí ọdún méjìlélógún àwọn.

Ọmọkùnrin Èkó ló wọ ilé kẹta sí tèmi. Ìyá Ìbejì kan ló wà níbẹ̀, Kẹ́hìndé rẹ̀ ń gun ọ̀kadà.

"Táyé ńkọ́, mà?"

"Ó lọ sọ́jà."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa dé?"

Ìyá wò ó. "Kò tíì dé."

Ọmọkùnrin dúpẹ́, ó padà wá lọ́jọ́ kejì. Táyé kò tíì tọjà dé. Ó tún wá lọ́jọ́ kẹta, ó béèrè bóyá ọjà Èrúwà ni. Ìyá ní ó jìnnà ju ìyẹn lọ. Kò kúkú lè fo ojú ìwé náà. Ó tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀: ọkùnrin, ọdún 34 bíi ti Kẹ́hìndé, iṣẹ́: oníṣòwò, kò sí nílé.

Alẹ́ ọjọ́ kan, iná kò sí, ọmọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, ó ń ṣa dátà bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Mo ní kó sọ ohun tí wọ́n gbọ́. Ó ní òun kò lè sọ, pé àwọn ṣèlérí, pé òfin wà lórí rẹ̀ láti 2023. Ẹ gbọ́ o! Ọmọ tó ti wọ ìdajì ìlú, tí wọ́n ti sọ gbogbo nǹkan fún, ló ní òun kò lè sọ. Ó ní òun ti yọ orúkọ kúrò, nọ́ńbà ló kù. Mo wò lórí èjìká rẹ̀. Ilé 31: ìyàwó mẹ́ta, ibi ìdáná méjì, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Mo ní, "Ìyàwó mẹ́ta, ibi ìdáná méjì? Ìyáálé kò ì bá wọn dáná láti ìgbà ìsìnkú ìyá ọkọ wọn. Ilé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni." Ó pa kọ̀ǹpútà dé. Nígbà tó tún un ṣí lọ́jọ́ kejì, ibi ìdáná ti parẹ́ níbẹ̀, ìyàwó sì ti di "méjì sókè".

Ṣùgbọ́n kó tó pa á dé lóru yẹn, ó ti dé orí Táyé. Ó ka "oníṣòwò", ó rẹ́rìn-ín, ó sì dákẹ́. Ọmọ ilé ni, ó mọ pẹpẹ tó wà ní yàrá ìyá yẹn, ère kékeré kan ṣoṣo lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ojú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nítorí fífọ̀, abọ́ ẹ̀wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Kì í ṣe ìyá ló purọ́, a kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n ti bi í lójú ìwé tó ṣáájú bóyá ó bí ọmọ kan rí tó sunkún tí kò sì sí láyé mọ́, ó sì ní rárá. Bí ìyá mẹ́wàá bá ní rárá bẹ́ẹ̀, ọmọ mẹ́wàá ló bọ́ kúrò nínú ìṣirò ikú ọmọdé, wọ́n sì di oníṣòwò. Fọ́ọ̀mù fún un ní ààyè méjì péré: ó wà láyé, kò sí láyé. Ó bi mí pé, "Màmá, kí ni kí n tẹ̀?"

Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mi ò rí nǹkan kan sọ. Ó pẹ́ kó tó tẹ ohun kan sí ìlà òfo tó wà nísàlẹ̀, ní Yorùbá.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá náà bá mi nídìí ẹ̀rọ ìlọta. Ó ní, "Ọmọ Ìyá Eléèlùbọ́ yẹn, ṣé ó ka Táyé mi mọ́ wọn?" Mo ní ó kà á. Ó ní kò burú, ó gbé ata rẹ̀ lé orí, ó ń lọ.