Oríkì Abilà-Níwájú-Orí, Ajọkàn-Àgbàdo

Ẹ káàárọ̀ o, Kábíyèsí. Mo rí i pé ẹ ti jẹun. Àgbàdo tí mo fi sílẹ̀ lálẹ́ àná pẹ̀lú ewé dídán, ihò ni mo bá lára rẹ̀ láàárọ̀ yìí, ìgbẹ́ yín sì kún ọkàn rẹ̀ bíi lẹ́búlẹ́bú tí ayùn ń tú sílẹ̀ lára pákó. Ẹni tó jẹ oúnjẹ onílé tán, tó tún ṣu sínú àwo, ó tó ẹni tí à ń kì. Ẹ jókòó, kí n kì yín.

Abilà níwájú orí,
ọmọ onílà tí ẹnikẹ́ni ò mọ olóòlà rẹ̀.
Kì í ṣe pélé, kì í ṣe àbàjà,
bẹ́ẹ̀ ni kò jọ gọ̀ǹbọ́.
Lẹ́tà Y ni wọ́n dorí rẹ̀ kodò,
tí wọ́n fi kọ ọba nílà níwájú orí.
Ilà orí ò tó o,
ó tún lé tìróò mẹ́rin sídìí, igun mẹ́rin dọ́gba.

Ilà yẹn àti àmì dúdú mẹ́rin ìdí yẹn la fi ń dá yín mọ̀ láàárín àwọn kòkòrò yòókù. Nítorí wọn ni mo ṣe ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín ebè láago mẹ́fà àárọ̀, tí mò ń yọjú wo abẹ́ ewé. N ò dọ̀bálẹ̀ fún àna mi tó báyìí.

Àlejò tí kì í kan ilẹ̀kùn! Ilẹ̀ Amẹ́ríkà lẹ ti wá. Ní oṣù kìíní ọdún 2016, nínú oko àgbàdo n'Ìbàdàn àti Ìkẹ́nnẹ́, ni àwọn onímọ̀ ilé-ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ti rí yín. Kò sẹ́ni tó tíì kéde yín ní Áfíríkà ṣáájú ìgbà náà. Wọ́n ní fall armyworm lorúkọ yín. Ní 2018 ẹ ti dé Íńdíà, ní 2019 ẹ wọ Ṣáínà, ní 2020 ẹ balẹ̀ sí Ọsirélíà. Àwọn ọmọ wa tò sórí ìlà títí, físà ò jáde. Ẹ̀yin ò tò sórí ìlà kankan, ilà orí yín ni físà yín. Àfòpiná yín lè fò tó 100 kìlómítà lóru kan ṣoṣo, nígbà tí àwa ṣì wà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lójú ọ̀nà Èkó.

Ọlọ́mọ yọyọ! Ìyá kan á yé ẹyin tó lé ní 1,000, á máa kó 100 sí 200 jọ sójú kan, á fi irun ara rẹ̀ bò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá dàgbà díẹ̀, ẹ̀gbọ́n á fi àbúrò jẹun, ìdí tí a fi sábà ń bá ẹyọ kan tàbí méjì nínú ọkàn àgbàdo kan nìyẹn. Ẹ jẹ àgbàdo, ẹ jẹ oyè, ẹ jẹ àbúrò. Gbèsè nìkan lẹ ò jẹ. Ìyẹn, ẹ fi sílẹ̀ fún wa. Ẹni tí oko wa jọ pààlà gbin ẹ̀wà sóyà, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kò tíì gbọ́ pé ẹ̀wà sóyà wà lára ohun ọ̀gbìn tó lé ní 80 tí ẹnu yín ń bà.

A ti gbé garawa kọ́ sẹ́bàá oko fún yín. Òórùn ìyàwó ló wà nínú rẹ̀, ìyàwó ò sí nílé. Àwọn akọ ló ń gbọ́ òórùn, tí wọ́n ń wọlé wá ṣe ìdána lóru, tí wọn kì í padà sílé mọ́. Garawa á sọ fún wa pé ẹ ti dé àdúgbò. Bí ẹ ti pọ̀ tó lórí àgbàdo, ẹsẹ̀ la fi ń wá a. Ká rìn káàkiri oko bíi lẹ́tà W, ká dúró níbi 5, ká tú àgbàdo 10 wò níbi kọ̀ọ̀kan. Bí 10 nínú 50 bá ti ní àpá yín nígbà tí àgbàdo ṣì kéré, ọ̀rọ̀ ti di ti oògùn. Abilà ti sọ àgbẹ̀ di akọ̀wé: Y lórí yín, W lẹ́sẹ̀ wa.

Oògùn yẹn gan-an. Mo mọ obìnrin kan tó fi owó àjọ ra oògùn lọ́jà. Omi aláwọ̀ ni wọ́n tà fún un. Ó fín in, ó tún un fín láìbo imú, òun ló húkọ́, kòkòrò ò kú. Olè paraku lẹni tó tà á. Àwọn tí wọ́n sì ń gbowó oṣù láti wá kọ́ àgbẹ̀ bí a ṣe ń ṣọ́ kòkòrò, ìgbà tí ewé ti gbẹ ni wọ́n gbé fọ́ọ̀mù dé, wọ́n ní ká kọ orúkọ. Ìwọ kòkòrò, ebi ló ń pa ọ́. Kí ló ń pa àwọn?

Ẹ má bínú, Abilà, ẹnu mi ló yọ̀. Kí adé pẹ́ lórí. Kí orí má pẹ́ lóko mi.

Ẹ̀yin tí ẹ gbin àgbàdo, láti ìgbà tó bá ti hù ni kí ẹ ti máa wò ó, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹyin tí ẹ bá rí, ẹ fi ìka fọ́ ọ. Bó bá ti pa, tí ọmọ kòkòrò wọ ọkàn àgbàdo, tó fi ìgbẹ́ dí ẹnu ọ̀nà, oògùn gidi pàápàá kì í sábà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́.