Ilé La Ti Ń Kó O Ròde

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí jíìpù ńlá kan tó rọra dúró létí títì. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ wọ agbádá funfun báláú. Ó ṣí búùtù, ó fi ìka méjì gbé ọ̀rá dúdú kan tí wọ́n dì lẹ́nu pinpin, ó gbé e ka orí koríko tí ìjọba gbìn sáàárín títì, ó sì tún un tò kó má baà ṣubú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ló bá fa sànìtáísà yọ lápò, ó fi pa ọwọ́ méjèèjì dé ọrùn ọwọ́. Kò fẹ́ kí kòkòrò àìsàn bá òun wọ mọ́tò.

Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: ìwà tí èèyàn ń hù níta, ilé ló ti mú un wá. Ó jọ pé a gbọ́ òwe yìí ju bí wọ́n ṣe pa á lọ. Ẹ̀ṣọ́ nìkan ni wọ́n ní ká kó. Àwa ní kí ló dé tí a ó fi yọ àwọn ẹrù tó kù sílẹ̀? Ilédìí ọmọ, èèpo iṣu, orí ẹja tó ti rùn, ọ̀rá píọ́ wọ́tà, fóòmù tí ìdun ti gbà lọ́wọ́ onílé, gbogbo rẹ̀ là ń kó ròde. Ẹ sì wo inú ilé náà o! Táìsì ń dán, bàtà ò gbọdọ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ọmọ tó bá já èérún búrẹ́dì sílẹ̀ yóò jẹ ìgbátí. Ìmọ́tótó ibẹ̀ pọ̀ débi pé ìdọ̀tí ò ríbi jókòó, àfi kó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

L'Ékòó, àwọn PSP tí ìjọba gbé iṣẹ́ ìkólẹ̀ fún máa ń mú bíìlì wá. Baba alágbádá ní owó yẹn ti pọ̀ jù, pé ọkọ̀ wọn kì í sì í wá déédéé. (Òótọ́ ni, kì í wá déédéé, n kò ní gbèjà wọn.) Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọlọ́mọlanke ló kígbe kọjá, á san owó fún un kíá, kò sì ní bi í pé ibo ló ń kó o lọ. Ibo ni yóò kó o lọ? Ṣé yóò ti ọmọlanke dé ààtàn Olúsósùn ní Ọjọ́tà ni? Kánáàlì tó wà lẹ́yìn ilé wa náà ni.

Àwọn tí kò ní mọ́tò, òjò ni mọ́tò tiwọn. Bí òjò bá ti ṣú, ẹ ó máa gbọ́ bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan, kálukú á gbé garawa dání, á máa dúró de kí gọ́tà kún. Wọ́n ní omi á gbé e lọ. Ìbàdàn mọ ibi tí omi ń gbé e lọ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa tí wọ́n ti kọ́lé há mọ́, tí wọ́n ti fi ìdọ̀tí dí lọ́nà, gba inú ilé onílé kọjá, ó sì lé ní 100 èèyàn tó bá a lọ. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún pa èèyàn ní ìlú kan náà, àwọn náà lé ní 100. Mo ti ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ibí ni ẹ̀rín ti tán lẹ́nu mi. Ẹni tó da garawa sí gọ́tà lálẹ́ kò bínú sí ẹnikẹ́ni, kò tilẹ̀ mọ ọmọ tí àgbàrá yóò gbé ní ìsàlẹ̀. Kò mọ̀ ọ́n, kò sì wù ú kó mọ̀ ọ́n. Ìyẹn ni n kò lè foríjì.

Láyé ìjọba ológun Buhari àti Ìdíàgbọn, wọ́n fi sójà lé wa nídìí ká lè gbálé. Nígbà tó yá, ó di ìmọ́tótó Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, bọ́ọ̀lù làwọn ọ̀dọ́ sì ń gbá lójú títì tó dá. Àwọn tó ṣiṣẹ́ gidi kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà síta, wọ́n tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ó jókòó síbẹ̀ títí òjò fi wá mú un padà sílé.

Kì í ṣe pé a ò mọ ìdọ̀tí bínú sí. Ní 1988, àṣírí tú pé wọ́n ti kó májèlé láti Ítálì wá dà sí Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ayé ìgbà náà. Gbogbo Nàìjíríà gbiná. A ní kí wọ́n wá kó ẹrù wọn, ọkọ̀ òkun Karin B kó nínú rẹ̀, èbúté lórí èbúté ní Yúróòpù sì ń lé e. Lọ́dún yẹn gan-an la ṣe Dìkíríì 42: ẹ̀wọ̀n gbére ni fún ẹni tó bá da irú ìdọ̀tí olóró bẹ́ẹ̀. Ó dùn mọ́ mi nínú títí dòní. Ó kàn jọ pé ìdọ̀tí gbọ́dọ̀ ní ìwé ìrìnnà kó tó lè bí wa nínú.

Nígbà tí àwọn wolé-wolé ń wọ kákí kiri, bí tanwíji bá wà nínú ìkòkò omi rẹ, o di èrò kóòtù. Lónìí LAWMA, àjọ ìkólẹ̀ ìjọba Èkó, wà, wọ́n ní nọ́ńbà tí a lè pè. Àmọ́ ta ni yóò pè é? Gbogbo àdúgbò ló mọ ẹni tó ń dà á; kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ aṣòfófó. Àwa tí a máa ń mọ oyún ọmọ aládùúgbò kí ìyá rẹ̀ tó mọ̀! Èpè la kọ sára ògiri dípò rẹ̀: ẹni bá da ilẹ̀ síbí, kò ní dàgbà. Abẹ́ èpè náà ni òkìtì ti ga jù.

Ní ìpàdé onílé tó kọjá, ẹnì kan dábàá pé ká dáwó jọ, ká wá babaláwo, pásítọ̀ àti ààfáà tí yóò fún èpè náà lágbára. Owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo ní ẹ jẹ́ ká kúkú ya fọ́tò nọ́ńbà mọ́tò àwọn tó ń da ilẹ̀, ká fi ránṣẹ́ síjọba. Alága wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní ṣé mo fẹ́ da àdúgbò rú ni.