Alápò-Ẹ̀yìn

Ẹ kò lè ṣì í mọ̀. Àpò tó pọ̀n ga ju orí rẹ̀ lọ, òmíràn tún wà láyà rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́ tó ń mu ọmú. Kẹ̀ǹbẹ̀ tí wọ́n ya erin sí ló wọ̀, irú èyí tó wà nídìí gbogbo ẹni tí wọ́n jọ sọ̀kalẹ̀ nínú reluwé, àfi bí ẹni pé wọ́n ń sìnkú, wọ́n dá aṣọ ẹbí. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní arìnrìn-àjò afẹ́ o. "Arìnrìn-àjò ni mí," ni yóò wí, "ti afẹ́ kọ́. Mo wá mọ àwọn èèyàn ni."

Vang Vieng, lórílẹ̀-èdè Láòsì, ni mo ti pàdé rẹ̀ lọ́dún 2023. Àwòrán ló tàn mí yà síbẹ̀: òkè òkúta ẹfun tó nà ró ṣánṣán létí odò Nam Song, tí ìkùukùu ń wé mọ́ lọ́rùn láàárọ̀ bí ìborùn. Òkè náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Alápò kọ ẹ̀yìn sí i. Orí tìmùtìmù ilé oúnjẹ kan ló nà sí, ó ń jẹ písà, ó ń wo Friends, eré tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà tó ti parí láti 2004. Àwọn èèyàn tó wá mọ̀ tò tì í: ọmọ Ọsirélíà méjì, ọmọ Jámánì kan, àti ẹnì kan tí ilé wọn kò ju ibùdókọ̀ mẹ́ta sí tirẹ̀ ní London.

Ọmọ Láòsì kan ṣoṣo ni mo rí i tó bá sọ̀rọ̀, ìyá àgbà tó ń ta búrẹ́dì ẹlẹ́ran lẹ́bàá títì. Kípù 5,000, owó tí kò tó ìdajì dọ́là, ló dá ìjà sílẹ̀. Ó yarí kanlẹ̀. Ó ní òun mọ iye tí àwọn onílẹ̀ ń rà á, òun kì í ṣe ẹni à ń rẹ́ jẹ. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fi sílẹ̀ fún un. Nígbà tó di alẹ́, ó ra korobá ọtí kan, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ tẹ orí bọ̀ ọ́. Èyí ni kò ná ní tirẹ̀.

"Ẹ kò bá a nígbà tó dùn," ló wí fún mi. Ìgbà tí ilé ọtí tò sétí odò bí ìsọ̀ ọjà, tí èèyàn ń jókòó sínú tíúbù táyà katakata, tí wọ́n ń ju okùn sí i láti fà á wọlé mu. Lọ́dún 2011, ilé ìwòsàn ìlú náà ka òkú arìnrìn-àjò 27: òmíràn rì, òmíràn bẹ́ sómi, ó forí sọ òkúta. Ọdún kejì ni ìjọba ti àwọn ilé ọtí náà pa. Alápò mọ ìtàn yìí délẹ̀; ilé ọtí ló ń ṣọ̀fọ̀. Mo bi í ní ọjọ́ orí rẹ̀. Ó ní ọdún 22. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló wà nígbà tí ayé ń dùn.

(Kí n má purọ́, èmi náà yá tíúbù. Omi tutù, ó ń lọ jẹ́jẹ́, ariwo sípíkà kò jẹ́ n gbọ́ ọ.)

Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ti ba ìlú yìí jẹ́. Abúlé kan wà lápá àríwá, Nong Khiaw, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Kí n jọ̀ọ́, kí n má sọ fún ẹlòmíì. Ọkọ̀ ti ń dúró dè é. Mo yọjú wo inú rẹ̀: kẹ̀ǹbẹ̀ elérin mọ́kànlá, wọ́n ń sún kí ó lè ráyè jókòó.