Igbá Òfìfo Lórí WhatsApp

"Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ." Ọ̀gá kan ní Ìkirè fẹ́ràn òwe yìí débi pé ó fi í sínú férémù, ó gbé e kọ́ sára ògiri, lókè ibi tí òṣìṣẹ́ tó bá pẹ́ dé ti ń bọwọ́ lùwé. Ẹ má bi mí lórúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbowó oṣù ti mọ̀ ọ́n. Ìmọ̀ràn tí àgbà fún ẹni tí a rán níṣẹ́ ni ọ̀gá sọ di ìwé àṣẹ fún ara rẹ̀. Ṣebí ẹni tí a rán ni yóò tún iṣẹ́ náà ṣe lẹ́nu? Kí ni ẹni tó ń ránni níṣẹ́ tún fẹ́ máa ṣọ́ ẹnu sí?

Aago mọ́kànlá òru, WhatsApp dún: "Kí ìwé yẹn wà lórí tábìlì mi láàárọ̀." Ìwé wo? Ta ló máa kọ ọ́? Kò sẹ́ni tó jẹ́ bèèrè, torí ẹni tó bèèrè lóṣù tó kọjá gba kúẹ́rì. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ kí ọ̀gá tó wọ ilé ìwé. "Ìwọ yìí" ni ọ̀gá ń pè wọ́n níwájú àwọn agùnbánirọ̀. Bí ẹ bá bi àwọn òṣìṣẹ́ ohun tó ń dùn wọ́n, owó ni wọn yóò kọ́kọ́ dárúkọ, wọn kò sì parọ́: láàárín 2015 sí 2018, ìdajì owó oṣù ni òṣìṣẹ́ ìjọba Ọ̀ṣun tó wà ní ìpele 12 sókè ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì wọ́n díẹ̀ sí i, ẹ ó gbọ́ nípa "ìwọ yìí."

Ìyá tó ń din dòdò Ìkirè kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. "Din iná kù, ọmọ mi, ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ti pọ́n jù." Ọmọ mọ ohun tí yóò ṣe, ó mọ ìdí rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọmọ ni wọ́n pe òun.

Ì bá dára kí ọ̀gá wọ ọ̀kadà dé Apòmù, kò jìnnà, kó lọ gbọ́ ìtàn ọba tí kò ṣọ́ ẹnu. Ìwé Samuel Johnson, tó jáde ní 1921, sọ ọ́ pé nígbà tí Awólẹ̀ kò tíì jẹ Aláàfin, tó ń ṣòwò ní Apòmù, ó ta ọ̀rẹ́ ara rẹ̀ lẹ́rú. Baálẹ̀ Apòmù ní kí wọ́n nà án, wọ́n sì nà án dáadáa. Awólẹ̀ jọba, kò gbàgbé pàṣán. Nígbà tí wọ́n bi í pé ta ni ọ̀tá rẹ̀, Baálẹ̀ Apòmù ló dárúkọ. Baálẹ̀ sá lọ sí Ilé-Ifẹ̀. Ọọ̀ni kò lè gbà á sílẹ̀. Ó pa ara rẹ̀ kí ìlú rẹ̀ má baà tú, wọ́n sì gé orí rẹ̀ ránṣẹ́ sí Ọ̀yọ́.

Irú àṣeyọrí báyìí máa ń gun ọ̀gá lórí. Awólẹ̀ tún rán Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, lọ jagun ní Ìwéré-Ilé, kò sì sọ pé ikú Àfọ̀njá fúnra rẹ̀ lòun ń wá níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà fu àwọn ológun lára. Wọn kò kọ lẹ́tà ẹ̀hónú. Igbá òfìfo, tí wọ́n fi ọmọrí dé, ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọba: orí rẹ̀ ni kó wá kún un. Awólẹ̀ gégùn-ún, ó sì gba májèlé jẹ.

Ti Awólẹ̀ tilẹ̀ sàn, ó gbọ́ ohun tí wọ́n wí. Igbá òfìfo ń wọlé fún ọ̀gá tiwa lójoojúmọ́, ẹ̀rín ló ń rín. Ó kọ ọ̀rọ̀ òru rẹ̀ tán, àwọn òṣìṣẹ́ na àtàǹpàkò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, "Noted, sir," wọ́n dákẹ́. Ọ̀gá ka àtàǹpàkò, wọ́n pé, ó sùn fọnfọn. Àwọn tó fi wọ́n ránṣẹ́ sí i ti ń wá iṣẹ́ mìíràn ní Ìbàdàn.

Láìpẹ́ yìí ló gbọ́ pé ìbánisọ̀rọ̀ tó dáa ń mú inú òṣìṣẹ́ dùn. Ó san owó ńlá fún olùkọ́ni kan, ó ní kí gbogbo ibi iṣẹ́ pé sí gbọ̀ngàn kan ní Ìkirè. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé ìpàdé náà lọ sí Apòmù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo òṣìṣẹ́ ti gba kúẹ́rì pé wọn kò wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí a ṣe ń báni sọ̀rọ̀.