Nígbà Tí Ìjàpá Mi Fọ́jú

Ẹni tó bá ra ọkọ̀ tó dàgbà ju ìyàwó rẹ̀ lọ kò gbọdọ̀ sunkún níta. Volkswagen Ìjàpá tí mo rà lọ́wọ́ tísà kan tó ti fẹ̀yìn tì wà lára àwọn tí wọ́n tò ní ilé-iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó lọ́dún 1975. Ó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn, ó gbé búùtù síwájú, ó wá fi bátìrì pa mọ́ sábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. Ó yẹ kí n ti fura pé ọkọ̀ tó kó gbogbo ẹrù rẹ̀ sódì báyìí yóò gbọ́n jù mí lọ.

Alẹ́ ni, ní Ìwó Road, n'Ìbàdàn, tí iná iwájú méjèèjì pa pọ̀. Mo fa ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ sitíárì, fúù tàn wàà. Mo dá a padà sí dìmù, òkùnkùn biribiri. Fúù náà ni mo fi wakọ̀ délé, gbogbo awakọ̀ tí mo sì pàdé ló bá mi kí bàbá tó bí mi, kì í ṣe kíkí rere.

Nínú Ìjàpá, gílóòbù kan náà ló ń ṣe dìmù tó tún ń ṣe fúù, ṣùgbọ́n dìmù apá ọ̀tún ní fíùsì tirẹ̀, ti apá òsì ní tirẹ̀. Ẹni tó bá fara balẹ̀ yóò béèrè pé, kí ló pa àwọn méjèèjì lójú ẹsẹ̀ kan náà? Èmi ò fara balẹ̀. Ọjà sípéà páàtì ní Agodi Gate ni mo gbà lọ ní tèmi, mo ra gílóòbù hálójìn méjì.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ àkàrà tán ni. N ò fọwọ́. Mo di gíláàsì gílóòbù náà mú gírígírí, mo fi òróró àkàrà pa á lára dáadáa, mo wá tì í wọlé. Irú gílóòbù yìí máa ń gbóná gan-an. Ibi tí òróró ọwọ́ bá wà lára rẹ̀ á gbóná ju ibi yòókù lọ, gíláàsì náà á sì tètè bàjẹ́. Kò pẹ́ tí ti apá ọ̀tún fi jó. Dìmù kò tàn, fúù tó ṣẹ́ kù sì ti di olójú kan.

Ọ̀rọ̀ di ti ìwádìí. Mo ra tẹ́sítà, mo da ẹ̀yìn délẹ̀ nínú ọkọ̀, mo ki orí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níbi tí fíùsì wà, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì gba ẹnu ilẹ̀kùn jáde. Mo fi kílíìpù tẹ́sítà há ara irin ọkọ̀, mo ń fi ẹnu rẹ̀ kan àwọn fíùsì níkọ̀ọ̀kan. Kò tàn níbì kankan. Mo pe ìyàwó mi, mo fi ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n sọ fún un pé iná kò sí nínú ọkọ̀ yìí rárá.

Ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí wá ni rédíò tó ń sọ̀rọ̀ létí yín yẹn ń jẹ?"

Orí ọ̀dà ni mo há kílíìpù sí. Ọ̀dà kì í gbé iná. Irin gan-an ni tẹ́sítà ń fẹ́.

Dípò kí n fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà díẹ̀ kúrò, mo ní ẹ́ẹ̀tì ló já. Mo wá wáyà dúdú kan, mo tú u, mo fi kan ara ọkọ̀. Ó ta pàrà! Òórùn rọ́bà tó jóná gba imú mi, fèrè ọkọ̀ kò sì dún mọ́. Ta ló sọ fún mi pé dúdú ni ẹ́ẹ̀tì? Nínú ọkọ̀ àwọn ará Jámánì, wáyà búráùnù ni ẹ́ẹ̀tì; yẹ́lò ni ti dìmù, funfun ni ti fúù. Bí mo ṣe ta kìjí tí mo forí gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, Ìyá Lándílọ́ọ̀dù tó ń kọjá rí ẹsẹ̀ méjì tó ń gbọ̀n lẹ́nu ilẹ̀kùn. "Yéè! Ẹ gbà mí o! Bàbá Ìbejì ti kú sínú mọ́tò!" Gbogbo àdúgbò ló wá wo òkú tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fa òun jáde.

Rìwáyà tí mo ránṣẹ́ pè kò wá fúnra rẹ̀, ọmọṣẹ́ rẹ̀ ló rán. Ọmọ náà kò fọwọ́ kan gílóòbù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé àwọn méjèèjì jọ pa lẹ́ẹ̀kan náà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ó ní kí n fa ọ̀pá. *Ká.* Ó ní kí n tún fà á. *Ká.*

"Rílè yín nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ó ń dáhùn, àmọ́ kò gbé iná fún dìmù."

Ó fi ìdí sìkúrúdíráfà gbá a jẹ́jẹ́, dìmù sì tàn sára ògiri. Ó ní láti ara súìṣì, rílè yìí ni iná kọ́kọ́ ń bá pàdé; òun ló ń pín in sí dìmù àti fúù kó tó kan fíùsì. Ohun tó bá pa méjèèjì pọ̀, ibi tí wọ́n ti jọ ń jẹun ni kéèyàn ti wá a. Wọ́n ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọmọdé nìkan ló dá a.

Mo pààrọ̀ rílè, mo sì di rìwáyà àdúgbò láìgba ìyọ̀ǹda. Kò pẹ́ tí aládùúgbò mi kan fi mú Corolla àtijọ́ rẹ̀ wá, dìmù méjèèjì ti lọ. Mo káwọ́ sẹ́yìn. "Ṣé àwọn méjèèjì jọ pa lẹ́ẹ̀kan náà ni?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, lánàá ni mo rí i." Mo ní rílè ni, kó lọ rà á. Ó rà á, ó fi sí i, òkùnkùn ṣì wà níbẹ̀. Ọmọṣẹ́ rìwáyà ọjọ́sí la tún pè. Ó yọ gílóòbù méjèèjì, ó gbé wọn sókè sí oòrùn: irin inú wọn ti já. Ti apá òsì ti kú láti bí ọdún Iléyá, ojú kan ni ọkùnrin náà fi ń wakọ̀ láìmọ̀, títí èkejì fi tẹ̀ lé e.

Aládùúgbò mi bi mí pé ta ni yóò dá owó rílè òun padà. Mo ní kó rọra tọ́jú rẹ̀, ọkọ̀ tó ti gbó bẹ́ẹ̀ yóò ṣì béèrè rẹ̀ lọ́jọ́ kan.